Ọmọ Mẹ́fà, Orúkọ Mẹ́rin

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ ọsibítù dùn, ẹ wá ẹlòmíì lọ. Mọ́ríámọ̀, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí èmi ò kàwé, àfi kéú díẹ̀ tí mo kà ní kékeré. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n ń da ara wọn láàmú pé iṣẹ́ wo ni kí àwọn ṣe, wọ́n wá ní kí n sọ tèmi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni kó wà níbẹ̀.

Ọsibítù kan ṣoṣo ni mo ti ṣiṣẹ́ láyé mi, ọsibítù Dókítà ní Sango, lẹ́yìn àwọn kọ́ńpìnnì. Kì í ṣe ilé ńlá. Yàrá tí Dókítà ti ń rí èèyàn, yàrá abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, àti gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Bàbá, ìyá àtọmọ, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wá: ibà, oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́, ẹni tí irin já lé lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni gbọ̀ngàn. Èmi ni mo ń fún èèyàn níjòókòó, èmi ni mo sì ń sọ ẹni tó kàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Sango fi ń pè mí ní Ìyá Bẹ́ǹṣì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá ṣe é rí ló ń rò pé kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ọkọ mi kú, àbúrò ìyá mi mọ ẹni tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, wọ́n gbà mí pé kí n máa gbálẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ó parí.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sùn. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo gbá a mú kó tó fojú gbálẹ̀. Mo rò pé Mátírọ́ọ̀nù á yìn mí. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tó o fi jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó o tó rí i?" Bó ṣe gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn, tó ní láti ọ̀la, òun á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn.

Ẹ̀kọ́ yẹn ò ní ìwé nínú. Ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí n jókòó sáàárín àwọn aláìsàn bí ẹni pé èmi náà wá gba oògùn, kí n má sọ̀rọ̀. Tó bá yá, á pè mí wọlé, á bi mí pé ta ló yẹ kó kàn. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Ó pòṣé.

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni àìsàn kọ́kọ́ mú."

Ìgbà kejì, mo ní ọmọ tó ń ké yẹn ni. Ó tún pòṣé. Ó ní ọmọ tó bá ń ké, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí, èyí tó dákẹ́ sórí èjìká ìyá rẹ̀ ni kí n lọ wò. Bí mo bá fi ẹni tí kò yẹ síwájú, èmi náà ò ní jókòó mọ́ lọ́jọ́ náà, ìnàró ni màá wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo sunkún nítorí obìnrin yẹn. Mo bú u nínú ikùn mi. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré rárá. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ilé lọ tààrà. Kó jókòó tì mí títí a ó fi rí i pé ara rẹ̀ gbà á. Ọlọ́pàá kan fẹ́ fi agbára jáde lọ́jọ́ kan, Mátírọ́ọ̀nù ṣí fìlà kúrò lórí ọkùnrin náà, ó fi sábẹ́ apá, ó ní kó lọ báyìí ná. Ọkùnrin náà jókòó. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì, òfin yẹn nìkan ló tún tẹnu mọ́ fún mi ní ẹnu ọ̀nà kó tó lọ.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni inṣọ́ránsì dé, tí ìyọnu mi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà pe gbogbo wa jọ, ó ṣàlàyé. Ó ní ìjọba ti dá ètò kan sílẹ̀ fún ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Wọn á máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ náà á fi kún un. Àwọn kan wà láàárín tí wọn á máa gba owó yẹn, tí wọn á máa pín in fún ọsibítù. Àwa ò mọ orúkọ míì tí a ó pè wọ́n, a ń pè wọ́n ní Aláàárín. Ọsibítù tí òṣìṣẹ́ bá yàn, wọn á máa san iye kan fún un lórí òun àti ìdílé rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n ṣàìsàn o, wọn ò ṣàìsàn o. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò máa gbé ẹni tí ara rẹ̀ ò le. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí bébà, kí ni kò dáa?

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan wọlé láti kọ́ńpìnnì tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó sanra, ó ń dán, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo ní ta ló ń ṣàìsàn. Ó ní kò sí, òun wá kó tòun ni.

"Kó kí ni?"

"Oògùn, Ìyá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yọ owó mi, orí ò fọ́ mi rí. Àjọ tí mo ń dá, ó yẹ kó ti kàn mí báyìí."

Mo ní kì í ṣe àjọ. Ó ní ta ló wá ń kó o. Mo ní ẹni tó bá ṣàìsàn ni. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó ní, "A jẹ́ pé aláìsàn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa." Ló bá jókòó, ó ní orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun. Dókítà fún un ní paracetamol kí gbọ̀ngàn lè rójú. Àṣìṣe nìyẹn. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kó àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, orí ń fọ́ gbogbo wọn.

Àwọn yẹn ń wá nígbà tí kò yẹ. Àwọn kan ò tilẹ̀ fẹ́ kí orúkọ wọn dé ibẹ̀. Obìnrin kan láti Ìgbẹ̀sà kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní ya fọ́tò ọmọ òun fún káàdì inṣọ́ránsì. Ó ní ẹni tó bá ti sanwó de àìsàn, àlejò ló pè yẹn, tí àlejò bá sì dé kí òun má sọ pé òun ò pè é. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò ọmọ tèmi.

Ti owó tí wọ́n ń san fún Dókítà, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Owó oṣù yìí á dé nínú oṣù tí ẹnikẹ́ni ò retí. Dókítà á pe Aláàárín, wọn á ní ìjọba ò tíì fún àwọn. Á pe ọ́fíìsì ìjọba, wọn á ní Aláàárín ti gbà á tipẹ́. Nígbà tí oògùn bá wá tán nílẹ̀, ta ni wọ́n máa bú? Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni. Tí àìsàn bá sì ju agbára wa lọ, tó di kí a gbé èèyàn lọ sí ọsibítù ńlá, Aláàárín gbọ́dọ̀ fún wa ní kóòdù kan lórí fóònù kí ibẹ̀ tó gbà á. Ẹni tí ìrora ń ká bíi ejò, kó máa dúró de nọ́ńbà. Fóònù á máa kọrin sí wa létí, obìnrin kan nínú rẹ̀ á máa sọ pé a ṣe pàtàkì lójú àwọn.

Káàdì lílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tí èèyàn á tẹ àtàǹpàkò lé kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà mọ akọ̀wé, ó mọ tíṣà. Àwọn tó ń yọ́ irin àti àwọn tó ń po kẹ́míkà, iṣẹ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn tán, ẹ̀rọ ní òun ò rí ẹnì kankan. Ọkùnrin gìrìpá á dúró síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ á ní kò sí èèyàn níbẹ̀. Mo ra òrí sórí tábìlì, mò ń fi pa wọ́n lọ́wọ́, mò ń nu ún, wọ́n ń tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì ka ìka ọmọdé rárá. Ti àwọn ọmọ, fọ́tò nìkan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mùdáṣírù ti wọlé nìyẹn.

Mùdáṣírù ń gbé Àtàn, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ àga oníke. Ìyàwó méjì, ọmọ mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta. Inṣọ́ránsì ní ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin. Kí ni kó ṣe? Ó kọ orúkọ ìyálé, ó wá mú ọmọ méjì lọ́dọ̀ ìyálé, méjì lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ó ṣojúsàájú. Nígbà tó délé, ó sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ló ti wọlé, pé orúkọ lásán ni mẹ́rin tí wọ́n kọ. Láti ìgbà náà, ìyálé, Ìyá Kúdírá, ló ń kó gbogbo wọn wá, torí pé òun lorúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ṣàìsàn, wọ́n á wọ orúkọ tó bá bá a mu fún un bí ìgbà tí èèyàn ń yá aṣọ. Ọmọ bàbá kan, ojú kan náà. Fọ́tò ò lè fi wọ́n hàn.

Ìyá Kúdírá gbé ọmọbìnrin kan wọlé ní Ọjọ́bọ̀ kan, ara rẹ̀ gbóná, kò lè gbé itọ́ mì. Ó ní Rúkáyá ni. Rúkáyá ni ọmọ rẹ̀ kejì. Dókítà wo káàdì tí a ń kọ àìsàn Rúkáyá sí, kò sí i níbẹ̀ pé oògùn kankan bá a jà rí, ó wo ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà, ó ní kí nọ́ọ̀sì fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn. Wọ́n fún un. Ìyá Kúdírá gbé e jáde, ó kọrí sọ́nà.

Mo ní kó jókòó.

"Ìyá Bẹ́ǹṣì, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti ṣú. Ọkọ̀ Àtàn ń pè."

"Kó máa pè."

"Ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ fi wá sí ni?"

"Ẹlẹ́wọ̀n wo lo rí tí wọ́n fún ní bẹ́ǹṣì?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń pòṣé. Ó ní torí pé kì í ṣe owó ọwọ́ làwọn san ni mo ṣe ń fi àwọn ṣeré. Ọmọ náà ni mò ń wò. Ó ń yún ọrùn. Ó tún ń yún inú àtẹ́lẹwọ́. Mo pe Rúkáyá, kò yíjú. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ètè rẹ̀ ti wú bí ẹni tí oyin ta, èémí rẹ̀ sì ń dún bíi súfèé. Ìyá Kúdírá rí i lákòókò kan náà.

"Àmínà!" ló pariwo.

Mo ti gbé ọmọ. Mi ò kan ilẹ̀kùn Dókítà. Òun àti nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìwúlé. Dókítà ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn, pé ṣé irú èyí ti ṣe é rí, pé ṣé oúnjẹ ló jẹ àbí abẹ́rẹ́ yìí ni, kí òun lè mọ ohun tí òun ń bá jà.

Ìyá Kúdírá dúró mọ́ ògiri. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo mọ ohun tó ń wò. Tó bá sọ òótọ́, inṣọ́ránsì lè bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lè bá a lọ. Tó bá sì dákẹ́, ọmọ orogún rẹ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọmọ orogún tó bá kú mọ́ ìyálé lọ́wọ́, ta ni yóò gbà ní Àtàn pé abẹ́rẹ́ ló pa á? Ó lè sọ pé ẹ̀pà ni ọmọ jẹ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ó ní, "Dókítà, kì í ṣe Rúkáyá. Àmínà ni, ọmọ ìyàwó ọkọ mi. Bí abẹ́rẹ́ kan ṣe wú u lára léṣìí nìyí, mi ò mọ̀ pé òun náà ni wọ́n tún fún un. Orúkọ Kúdírá la fi mú un wá nígbà yẹn. Kúdírá ti ga jù báyìí, la ṣe ní kó jẹ́ Rúkáyá."

Dókítà tún fa abẹ́rẹ́ míì. Nígbà tí wọ́n máa pe ìrun àsárì, ọmọ náà ti ń mu omi. Ìyá Kúdírá gbé e lé ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kó gbé e fún òun kí òun tún wọn ara rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ti wọn ọ́n.

Mùdáṣírù sáré dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú òórùn ike lára. Ó dọ̀bálẹ̀. Mi ò rí Dókítà kó bínú báyẹn rí.

"Mùdá, o fẹ́ pa ọmọ, o fẹ́ pa èmi náà. Tí àwọn Aláàárín bá dé tí wọ́n rí i pé ọmọ kan ń sanra lóṣù yìí, ó ń kúrú lóṣù tó ń bọ̀, wọn á ti ọsibítù yìí."

"Dókítà, ẹ fojú àánú wò mí. Ìwé ní mẹ́rin. Ọlọ́run ní mẹ́fà."

Èmi náà ń bínú, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ọkùnrin yẹn purọ́, irọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú. Síbẹ̀ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ọmọ mẹ́rin ni ọmọ tó, ṣé kò ní àdúgbò ni? Dókítà ní láti ọjọ́ náà, orúkọ ọmọ ni ọmọ á máa jẹ́. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́rin, kí wọ́n máa san owó ọwọ́, òun á máa bá wọn dín in kù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Kúdírá padà wá, òun àti ìyàwó kékeré. Mi ò rí ìyẹn rí, ọmọdébìnrin kan tó ń ránṣọ, ó gbé Àmínà pọ̀n. Ìyá Kúdírá ní kí Dókítà bá òun yọ orúkọ Rúkáyá, ọmọ tòun, kó fi ti Àmínà sípò rẹ̀. Ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ má ṣe é. Bàbá wọn ti pín in." Ìyá Kúdírá ní kó dìde, pé bàbá wọn kọ́ ló gbọ́ bí èémí ọmọ yẹn ṣe ń dún.

Dókítà kọ̀wé sí Aláàárín. Ẹ wá wo iṣẹ́ ayé. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti yọ orúkọ Rúkáyá. Wéré báyìí. Ti Àmínà tí wọ́n máa fi sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n mú un lọ. Wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ kéré. Wọ́n ya ńlá. Wọ́n ní ìbúra kóòtù dà. Wọ́n lọ búra. Wọ́n ní ó ti wọlé, kí a máa retí. Nígbàkigbà tí mo bá ní kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá mi wò ó, á ní, "Ìyá, mẹ́ta ni mo ń rí." Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí mẹ́rin, mẹ́ta ni wọ́n ń sanwó lórí wọn fún wa. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí orúnkún mi ò gbà mọ́, orúkọ Àmínà ò tíì jáde.

Kí n tó kúrò, òjò ọdún náà kó ikọ́ wá. Àwọn obìnrin méjèèjì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ìyálé gbé Rúkáyá, ìyàwó kékeré gbé Àmínà. Ọmọ méjèèjì tí wọn ò sí nínú kọ̀ǹpútà. Mo fi wọ́n jókòó. Ìyá Kúdírá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó wo ohun tó wà níbẹ̀, ó tún un dì. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá Bẹ́ǹṣì, ẹ̀yin lẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Nínú mẹ́fà yìí, àwọn wo ni kí n máa gbàdúrà pé kí wọ́n má ṣàìsàn?"

Èmi tí wọ́n kọ́ láti mọ ẹni tó yẹ kó kàn, ojú àwọn ọmọ méjèèjì ni mo ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó kékeré ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ máa gbà á fún tiyín, Ìyálé mi. Èmi náà á máa gbà á fún tèmi."

Ìyá Kúdírá wò ó títí, bí ẹni tí wọ́n bú.

Ó ní, "Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"